Ta Ló Jókòó sí Ìpàdé? Ìtàn Ìdúnàádúrà lórí Òkúta, Omi àti Ilẹ̀ ní Ifọ̀, Mòwé àti Ìbafò

Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ojú irin sì gba inú rẹ̀ kọjá. Mòwé àti Ìbafò wà lápá ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Odò Ògùn ń ṣàn láàrin agbègbè méjèèjì lọ sínú ọ̀sà Èkó. Lábẹ́ ilẹ̀, láti apá Ifọ̀ lọ sí Pápáláńtò àti Ewékorò, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òkúta, omi, àti ilẹ̀ tí èèyàn lè kọ́lé sí: nítorí nǹkan mẹ́ta yìí ni ilé-iṣẹ́ ńlá, àjọ ìjọba àpapọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ onílé fi ń pàdé ara wọn ní agbègbè náà, tí wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ àti iye tí wọ́n ná. Wọn kì í sábà ka ìjókòó tó ṣáájú ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, nínú ìjókòó ni wọ́n ti ń pinnu bóyá kòtò tí wọ́n wà yóò dí padà, bóyá eruku yóò bà sórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá, bóyá omi yóò wọlé bá ẹni tó sùn. Ìwé ìtàn agbègbè yìí fi hàn pé kò sí àsìkò kan tí a kò ṣe ìpàdé. Ẹni tí wọ́n pè ló ń yí padà, àti ìgbà tí wọ́n pè é, àti bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọnú ìwé.

Ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá àti òpin rẹ̀

Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830, oko wọn nà lọ sí ìhà gúúsù títí ó fi kan ilẹ̀ Àwórì. Ẹ̀ka mẹ́rin ló ń tọ́jú ìlú: Ògbóni ló ń dájọ́ tó sì ń ṣe òfin, Olórogun ló ń mójú tó ogun, Pàràkòyí ló wà fún ọjà àti òwò, àwọn Ọdẹ sì wà fún ìṣọ́ igbó. Ẹ̀ka kan kò lè dá pinnu ohun tó kan ìlú lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ á ti àdúgbò dé ilé Ògbóni, á tún padà sí àdúgbò, kí ó tó di òfin. Ètò yìí lọ́ra, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn olóyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn yóò ní kó pa òfin mọ́ ti gbọ́ nípa òfin náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 1893 ni àwọn Ẹ̀gbá bá Gómìnà Carter ti Èkó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìjọba ara wọn. Ní 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, ó gba agbègbè Ifọ̀ kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ifọ̀ di ibi tí ojú irin ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò, ọjà rẹ̀ sì gbòòrò. Ní 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àdéhùn náà. Láti ìgbà náà, Aláké nìkan ni wọ́n kà sí aláṣẹ, wọ́n sì ti ìgbìmọ̀ sẹ́yìn. Ní 1918 wọ́n gbé owó orí tuntun lé àwọn ará oko lórí, kún iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi túláàsì ṣe. Àwọn ará oko kò rí ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ogun Àdùbí ló bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Wọ́n hú ojú irin ní gúúsù Abẹ́òkúta, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn ikú wọ̀nyí ni ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ láti gbọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ṣáájú.

Òkúta Ewékorò

Ní 1959 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí WAPCO. Àwọn mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Gẹ̀ẹ́sì tó wá di Blue Circle, ilé-iṣẹ́ UAC, àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1960 ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní Ewékorò. Nkalagu ní ìlà-oòrùn ti ń ṣe símẹ́ǹtì láti 1957. Ewékorò ló ṣáájú ní ìwọ̀-oòrùn. Láti ara ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ni wọ́n ti gé ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò jáde ní 1996.

Àwọn mẹ́ta tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ló jókòó sí ìpàdé ìpìlẹ̀. Àwọn ará Ewékorò, Elébùté, Alágùntàn, Akínbọ̀ àti àwọn abúlé mìíràn tí òkúta wà lábẹ́ oko wọn kò sí níbẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ti 1946 ti sọ pé ti ìjọba ni gbogbo ohun tó bá wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ kò ju owó gbà-má-bínú fún ohun tó bàjẹ́ lójú ilẹ̀: igi kòkó, igi ọ̀pẹ, obì, ilé. Bí wọ́n bá ti san owó náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn lójú òfin.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí iṣẹ́ símẹ́ǹtì ṣe rí kó tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi parí. Wọ́n á kọ́kọ́ hú ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kúrò. Wọ́n á lu ihò sínú òkúta, wọ́n á ki ohun abúgbàmù sínú ihò, fèrè á fọn kí ènìyàn lè sá kúrò nítòsí, òkúta á sì fọ́ pẹ̀lú ariwo tó ń mi ilẹ̀ dé ilé tó jìnnà. Wọ́n á lọ òkúta náà, wọ́n á po amọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi iná sun ún nínú ẹ̀rọ tó rí bí àgbá gígùn, títí òkúta náà yóò fi gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbẹ̀ ni òkúta ti ń tú gáàsì tí a mọ̀ sí carbon dioxide sílẹ̀, yàtọ̀ sí èéfín epo tí wọ́n fi dáná. Eruku sì ń jáde ní gbogbo ipele, láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta títí dé ibi tí wọ́n ti ń di símẹ́ǹtì sínú àpò. Owó kòkó tí wọ́n san fún bàbá kò lè san èyí tí ọmọ yóò máa fà símú.

Ẹ̀hónú lórí eruku, ògiri tó sán àti omi kànga tó yí padà wá di ọ̀rọ̀ àtìgbàdégbà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yunifásítì ti ń lọ sí Ewékorò láti yẹ ewé, ilẹ̀ àti omi wò. Síbẹ̀, fún ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́, kò sí ibi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún baálẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó wà lórí oyè ló kù sí. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a wà kànga, a kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá lọ, tí òmíràn dé, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ẹnu ni gbogbo rẹ̀, àdéhùn ẹnu kì í sì í pẹ́ ju ẹni tó ṣe é lọ.

Òfin ilẹ̀ ti 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 tún mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ ló ni òkúta, gómìnà ló ni àṣẹ ilẹ̀, ìdílé sì ni oko tó wà lórí méjèèjì. Ẹni mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ ní láti bá sọ̀rọ̀. Méjì nínú wọn ni òfin dá mọ̀ dáadáa.

Láti Koko dé Rio

Ìyípadà tó tẹ̀ lé e kò bẹ̀rẹ̀ láti Ewékorò. Ní 1987 ni ìgbìmọ̀ àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland jẹ́ alága fún gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ìran òní ṣe lè jẹun láì jẹ ti ìran ọ̀la. Bukar Shaib láti Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ilẹ̀ tó wá di ìpínlẹ̀ Delta. Kó tó di òpin 1988 ni ìjọba ológun gbé àjọ FEPA kalẹ̀ fún ìdáàbòbò àyíká. Ìpàdé àgbáyé ní Rio de Janeiro wáyé ní oṣù Kẹfà ọdún 1992, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ó yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ àyíká kàn lọ́wọ́ nínú ìpinnu rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Nàìjíríà ṣe Òfin 86, èyí tó pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò lórí àyíká kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì tó bá lè ṣe tó 30 tọ́ọ̀nù òkúta tí iná ti sun (clinker) ní wákàtí kan wà lára àwọn tí òfin dárúkọ.

Lábẹ́ ètò yìí, wọ́n á gbé ìwé àyẹ̀wò síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí gbogbo ènìyàn lè kà á kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ìgbésẹ̀ pàtàkì ni, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òfin yóò béèrè lọ́wọ́ ará abúlé pé kí ni èrò rẹ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà. Ó sì máa ń nípọn, ó máa ń kún fún òṣùwọ̀n tí ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè mọ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kà á ní láti wá ọmọ tó lọ yunifásítì. Mo gbà pé èyí ni ọdún 1992 fi kù díẹ̀ káàtó: ó ṣí ilẹ̀kùn, kò sì sọ èdè àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbẹ́ kan tún wà tí kò yẹ ká fojú fò. Ní agbègbè Ògóní, níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti omi yọrí sí pípa tí ìjọba Abacha pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995.  Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kú, ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e.

Òfin 2007 àti ìjókòó tó bí

Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ti 2007 ló yí ipò àwọn ará abúlé padà jù lọ. Abala 116 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gba ìwé-àṣẹ ìwakùsà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀ náà àfi tó bá ti bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ìlera, ìrànlọ́wọ́ fún òwò kéékèèké, àti bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú àyíká: gbogbo rẹ̀ lè wà nínú ìwé náà. Ọdún márùn-márùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò. Bí ẹnu kò bá kò, ọ̀rọ̀ di ti mínísítà. Abala 117 fi kún un pé ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ bí ìlú àti ilé-iṣẹ́ yóò ṣe máa bára wọn jíròrò, àti bí ìlú yóò ṣe máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń mú àdéhùn ṣẹ. Abala 121 ní kí owó wà nílẹ̀ tí wọn yóò fi tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìwakùsà.

Báyìí ni àdéhùn ẹnu ṣe di ìwé. Ìjókòó tí òfin yìí bí ní ìṣe tirẹ̀. Ààfin baálẹ̀ tàbí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n sábà máa ń lò. Àdúrà ló ń ṣáájú, ti Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì. Òṣìṣẹ́ alárinà ilé-iṣẹ́ á kí baálẹ̀ àti àwọn olóyè, á kí ìyálọ́jà, á kí àwọn ọ̀dọ́. Akọ̀wé á ka ìwé ìpàdé tó kọjá. Nígbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ á hàn nínú bí oníkálùkù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ á sọ ọ́ ní nọ́ńbà: iye eruku tí ẹ̀rọ gbà, iye ọmọ tó gba owó ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà á sọ ọ́ ní ìtàn: ẹni tó kọ́kọ́ gba ilé-iṣẹ́ láyè, ohun tí ọ̀gá ìgbà náà ṣe ìlérí. Àwọn ọ̀dọ́ á béèrè iṣẹ́. Àwọn obìnrin, tó jẹ́ pé àwọn ló ń gbá eruku lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń pọn omi, sábà máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, bí wọ́n bá sọ rárá.

Alárinà náà wà láàrin ọwọ́ méjì. Bí ó bá padà dé ọ́fíìsì, ó ní láti yí ìtàn àwọn àgbà sí ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn oníṣirò owó yóò gbà. Ẹni tó bá sọ pé àwọn ará abúlé ń bínú kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Ẹni tó bá sọ pé eruku pọ̀ ní apá kan láti oṣù tí wọ́n ti pààrọ̀ àpò asẹ́ eruku, òun ni wọ́n ń dá lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ó bá padà sí abúlé: bí kò bá lè sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wí ní Yorùbá tó dán mọ́rán, wọ́n á ní ó ń fi ọ̀rọ̀ bò wọ́n lójú. Ìpinnu púpọ̀ lórí àyíká ló bọ́ sílẹ̀ láàrin ìpàdé méjì bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ̀. Ọ̀rọ̀ kàn ti fúyẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ ni.

Àbùkù òfin náà hàn kíákíá. Kò sọ ẹni tó ń jẹ́ ìlú tó gbàlejò ní kedere. Ṣé abúlé tí ilẹ̀ rẹ̀ di kòtò nìkan ni, àbí èyí tí eruku ń dé? Ta ló lè fọwọ́ sí i: ọba, baálẹ̀, ìdílé onílẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè? Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló ti wáyé láàrin abúlé àti abúlé lórí èyí kí wọ́n tó kọjú sí ilé-iṣẹ́. Síbẹ̀ ìwé wà lọ́wọ́ wọn báyìí, ìwé sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣí.

Omi Ọ̀yán

Ọ̀rọ̀ omi kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin 25 ti 1976 ló dá àjọ agbada odò 11 sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àjọ tó ń mójú tó odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun wà lára wọn, Abẹ́òkúta sì ni ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà. Àjọ yìí ló ni ìsédò Ọ̀yán, lórí odò tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Ìsédò náà lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Wọ́n kọ́ ọ kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àgbẹ̀ sì lè fi rin oko. Wọ́n gbèrò iná mànàmáná 9 mẹgawáàtì pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí ẹ̀rọ iná náà kò ṣiṣẹ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ lórí Ọ̀yán fi àwọn tí omi lé kúrò nílé sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí ibùdó tuntun bí Ìbarò àti Abúlé Títun, etí adágún tuntun náà ni wọ́n bá ara wọn. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ wọn, nítorí ìgbín tó ń gbé kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn omi tó dúró. Àwọn onímọ̀ ìlera kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀ ṣáájú ì bá ti mọ̀ pé wọn yóò máa wọ omi náà lójoojúmọ́.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni ọ̀rọ̀ Ọ̀yán kàn jù lónìí. Ní Ákútè, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ni Èkó ti ń fa omi odò Ògùn lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn. Ní òdìkejì odò ni Wàrẹwà àti Màgbòrò, tí wọ́n jẹ́ ará ilé kan náà pẹ̀lú Ìbafò àti Mòwé lábẹ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Nígbà òjò, pàápàá oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, àjọ náà gbọ́dọ̀ pinnu iye omi tí wọn yóò tú sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú u jù, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á kún. Bí wọ́n bá há a mọ́ jù, ìsédò lè má gba omi òjò tó ń bọ̀, Èkó sì ń fẹ́ kí omi ṣẹ́kù fún ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ni ìdí tí wọ́n fi máa ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Àwọn tó ń jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí ni onímọ̀ ẹ̀rọ àjọ náà, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní NiMet, àwọn tó ń wọn odò ní NIHSA, àti ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó àti Ògùn tó ń rí sí àyíká. Ìjọba Èkó ti sọ léraléra pé àjọṣe òun pẹ̀lú àjọ náà ló ń dín omíyalé kù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú àti ní etí odò Ògùn, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàrin àwọn àjọ sì ti lágbára sí i láti ìgbà náà. Àjọ náà pẹ̀lú máa ń ṣàlàyé pé kì í ṣe omi ìsédò nìkan ló ń wọlé, pé òjò tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìsédò kò kọjá lọ́dọ̀ òun, pé bí omi ọ̀sà bá kún, odò kò rí ibi dà sí, pé àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò.

Àlàyé yìí tọ̀nà. Síbẹ̀ ohun tó sábà ń dé etí onílé ní Wàrẹwà ni ìkìlọ̀ lórí rédíò pé kí wọ́n kó lọ sí ibi gíga. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún ti gba ìpinnu tó ti parí. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ní abala 116. Lábẹ́ òfin agbada odò, kò sí ìwé àdéhùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá ará ìsàlẹ̀ odò ṣe kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ìsédò. Lójú tèmi, àìdọ́gba yìí ló tóbi jù nínú gbogbo ìtàn àyíká agbègbè náà, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wò ó.

Àwọn onílé Mòwé àti Ìbafò

Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní 1983 ni ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ sí tòsí Mòwé. Ibi tó jẹ́ oko àti àbàtà di ìlú láàrin ìran kan, nítorí àwọn tí owó ilé Èkó ti ga jù fún. Ìjọba kò tíì ya ọ̀nà kí ilé tó dé. Àwọn onílé ló gé ọ̀nà, tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà, tí wọ́n ra òpó iná.

Nínú ọgbà ìjọ Redeemed, aláṣẹ kan ló wà. Bí wọ́n bá ti pinnu, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní ilé-iṣẹ́ iná tiwọn tó ń lo gáàsì, tí ó tó 25 mẹgawáàtì, wọ́n ní omi tiwọn, wọ́n ní àwọn tó ń kó pàǹtírí. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà ọgbà náà bọ́ sínú Mòwé á rí i pé ọ̀nà ìpinnu mìíràn ló wà níta. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA, ló ń pinnu níbẹ̀. Wọ́n ń para pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ CDC, èyí tó ń bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nígbà tí ẹnì kan bá mọ odi dí ojú omi rèé. Alága kò ní kọ ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta á lọ kí onítọ̀hún nílé lálẹ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Bí ó bá ní òun ti san owó fún àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ó sì ní ìwé, wọ́n á pè é sí ìpàdé. Níbẹ̀ ni ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ yóò ti dìde dúró níwájú rẹ̀. Ìgbà tí èyí bá kùnà ni ìwé á lọ sí ọ̀dọ̀ CDC àti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ló ń parí kó tó dé ibẹ̀, nítorí pé ẹni tó kọ́lé yóò máa bá àwọn wọ̀nyí gbé.

Àìpé ètò yìí ni pé ẹgbẹ́ onílé ló jẹ́ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ayálégbé pọ̀ ní Mòwé àti Ìbafò, àwọn ló sì sábà ń gba yàrá ìsàlẹ̀ tí omi kọ́kọ́ ń dé. Wọ́n ń dá owó iná, wọ́n ń dá owó gọ́tà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pinnu ibi tí gọ́tà yóò gbà, àga wọn kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ni Ewékorò

Láàrin àkókò yìí, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu tó ga jù lórí òkúta Ewékorò ń jìnnà sí i. Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dá WAPCO sílẹ̀, ní 2001. Ní 2011 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ ńlá kejì ní Ewékorò, èyí tí wọ́n ń pè ní Lakatabu. Ní 2014 ni orúkọ ilé-iṣẹ́ di Lafarge Africa; ní 2015 ni Lafarge àti Holcim ti Switzerland di ọ̀kan. Láàrin ọdún wọ̀nyí ni Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí fi èèpo èkùrọ́, táyà tó ti gbó àti irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ kún gáàsì láti dáná. Ìdí ìpinnu náà pọ̀: gáàsì máa ń wọ́n, ó sì máa ń já; àwọn olówó ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù sì ti gbà láti dín carbon dioxide kù. Fún àwọn tó ń fọ́ èkùrọ́ lágbègbè, ọjà tuntun dé. Fún àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọ̀pá èéfín, ìbéèrè tuntun dé nípa ohun tó ń jáde bí táyà bá jóná, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàdé pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti ń gbé lọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Holcim kéde pé òun yóò ta ìpín 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún tí òun ní nínú Lafarge Africa fún Huaxin, ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì láti ìpínlẹ̀ Hubei ní Ṣáínà. Ní 2025 ni ọ̀rọ̀ náà parí. Ìpín ló yí ọwọ́ padà. Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé-àṣẹ ìwakùsà kò yí padà, nítorí náà ojúṣe tí abala 116 gbé lé e lórí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bákan náà ni àtúnyẹ̀wò ọlọ́dún márùn-ún. Àwọn tí yóò jókòó síwájú baálẹ̀ Ewékorò, Elébùté àti Alágùntàn nígbà náà yóò máa jíṣẹ́ fún àwọn olówó tuntun. Àwọn ará abúlé yóò mú ìwé àtijọ́ dání.